Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe ìyá wa ní àjẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí iyè wọn ń ra la gbé wá lónìí. Agboolé tí kò ní irú wọn kò pọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ síta. Bó bá jẹ́ bàbá, a ó ní ó ń ṣarán, a ó rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìyá, ẹnu a yí padà.

Ìyá tó bí wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ata àti àlùbọ́sà ló tà ní Ouando fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò mọ̀wé, àmọ́ orí rẹ̀ ni ìwé gbèsè: ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́, dé orí séfà márùn-ún. Ìwé gbèsè yẹn ló kọ́kọ́ ya. Ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó hó. Ó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe àkọ́bí wa. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru, á ṣílẹ̀kùn, á ní òun ń lọ sílé, ní Sakété tí wọ́n ti bí i. Onízẹ́mìjàn kan ló rí i lójú títì lágogo mẹ́ta òru, ó sì gbé e wá fún wa. Ọlọ́run á san án fún un.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti délé dóko. Ìyá arúgbó wo ló ń dá rìn lóru? Ẹnìkan nínú ẹbí wa gan-an ló dábàá pé ká mú un lọ síbi tí wọn yóò ti mú kó jẹ́wọ́. A kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ lánàá, kí ló fẹ́ jẹ́wọ́? Bí ẹ bá bi í bóyá òun ló pa ọmọ kan, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kó tún wá bi yín bóyá ẹ ti jẹun.

Dókítà la gbé e lọ bá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, torí pé àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè mú iyè ra, tó sì ní oògùn. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àìsàn ọpọlọ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó fún wa lẹ́nu láti fi bá ẹbí jà. Ní 1992, àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà dáwọ́ jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tó kú ní 1995, ló ṣáájú níhà ti Ìbàdàn. Hugh Hendrie wà níhà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n wọ̀, ilé dé ilé, lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé, wọn kò sì mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Ìdánwò wọn kò nílò kí ẹni mọ̀wé. Wọ́n bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n sì bi ẹni tó ń bá a gbé pé: báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe rí báyìí? Ìbéèrè kejì yẹn ni tiwa. Àwa la mọ ìwé gbèsè tó ya.

Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn yìí ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 32. Tiwa kéré, àmọ́ àìsàn kan náà ni. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wádìí ní Djidja àti ní Kútọnu: nínú 100 àgbà, ó tó 2 sí 3 ní Djidja, bíi 4 ní Kútọnu. Ṣé gbogbo wọn ni àjẹ́?

Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Huntington. Òun máa ń mú ara jó láìsí ìlù, á sì ba ìwà àti iyè jẹ́. Inú ẹbí ló ń gbé: bí òbí bá ní i, ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni ta owó ẹyọ sókè, ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè bọ́. Létí adágún Maracaibo ní Venezuela, ẹbí ńlá kan wà tó kún fún un. Ní 1979 ni Nancy Wexler, tí àìsàn náà pa ìyá rẹ̀, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún wọn lé ní 4,000. Ní 1993, àwọn onímọ̀ láti ibi púpọ̀ rí àbùdá náà gan-an. Síbẹ̀, kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sì kú sínú òṣì. Èyí dùn wá.

Nítorí náà, bí olùwádìí bá kanlẹ̀kùn wa, a ó ṣí i, a ó gbé omi fún un, a ó sì bi í: èdè wo lo fẹ́ bá ìyá sọ, àbí Faransé nìkan? Ibo ni ẹ̀jẹ̀ yìí ń lọ? Ta ni yóò padà wá sọ èsì fún wa?

Ní báyìí, a ti ran nọ́ńbà fóònù wa mọ́ etí ìró rẹ̀, àwọn onízẹ́mìjàn ìkóríta sì ti mọ̀ ọ́n lójú. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lóru, ẹ má pariwo. Ẹ kí i, ẹ ní ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀la lẹ ó jọ lọ sí Sakété. Ó máa ń gbà.