Afẹ́fẹ́ tí Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Ń Fà

Àwọn agégi tí mo mọ̀ lágbègbè Ọ̀rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ epo ṣeré rárá. Wọ́n mọ iye ọ́ìlì tó yẹ kí wọ́n pò mọ́ gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù kan, wọ́n mọ ẹni tó ń ta ojúlówó, wọ́n sì mọ ẹni tó ń lú u. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá kan afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ wọn á ní ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ṣe é, kí ló tún kù? Èyí ń dùn mí, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ pọ̀ ju epo tó ń mu lọ fíìfíì. Kí lítà pẹtiróòlù kan ṣoṣo tó jó tán, yóò ti fa afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 9,000 lítà. Dúrọ́ọ̀mù ńlá tó ń gba 200 lítà, 45 irú rẹ̀ nìyẹn. Inú kùrukùru tí ayùn fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló sì ti ń fà á, nítorí ẹ̀gbẹ́ igi tó ń là ni imú rẹ̀ wà.

Igi kò sì rí bákan náà. Arère rọ̀, èérún rẹ̀ tóbi, ó máa ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Àmọ́ ẹ gbé ayin gbígbẹ kalẹ̀ kẹ́ ẹ la pákó lára rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tó máa jáde máa kúnná, á sì máa fò lókè fún ìgbà pípẹ́. Ìrókò tún ní tiẹ̀: lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yún ni lára, ó ń ta ni nímú, òkúta sì máa ń wà nínú àwọn kan tí chéènì á kàn lójijì, tí eyín rẹ̀ á kú. Síbẹ̀, igi kọ́ ni ọ̀tá tó burú jù. Yanrìn ni. Gẹdú tí katapílà wọ́ nílẹ̀ jáde láti inú igbó ti gbé yanrìn sínú èèpo, chéènì á sì hú u síta. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, ekuru tí atẹ́gùn gbé láti Sàhárà, tí púpọ̀ rẹ̀ ń wá láti Bodélé nílẹ̀ Ṣáàdì, á dara pọ̀ mọ́ ọn. Yanrìn kíkúnná wà nínú ekuru yẹn, yanrìn sì le ju alumíníọ̀mù tí wọ́n fi rọ pístìn lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba ìtọ́jú ju ti ọkọ̀ lọ nìyí. Nínú ọkọ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ síbi tí epo ti ń jó, ọ́ìlì sì wà nísàlẹ̀ tó ń fọ kíráńkì. Ẹ́ńjìnnì ìgégi kò ní irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti epo á kọ́kọ́ gba inú ikùn ẹ́ńjìnnì kọjá, níbi tí kíráńkì àti bíárìn wà, kí wọ́n tó gòkè lọ jó. Díẹ̀ tó wà nínú pẹtiróòlù yẹn ni gbogbo ọ́ìlì tí bíárìn máa rí. Nítorí náà, ekuru tó bá yọ́ kọjá fítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ á kan gbogbo ibi tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, á pò mọ́ ọ́ìlì, pístìn á di ọmọ ọlọ, sílíńdà á di ọlọ, wọn á wá máa lọ ara wọn.

Mo dúró ti mẹkáníìkì kan tó tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ó fi àkísà nu pístìn, ó sì nà án sí oòrùn. Apá ibi tí èéfín ń gbà jáde ṣì ń dán, ilà tínínrín tí wọ́n fà sí i nílé iṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Apá kejì, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ti ṣú bí eérú, kò dán, kò sì sí ilà kankan níbẹ̀ mọ́. Ríìngì rẹ̀ ti jẹ tó fi tínrín létí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó,” ó ní. “Ọ́ìlì kọ́ ló pa á. Ká ní ọ́ìlì ni, ọwọ́ ibi tí èéfín ń gbà ni ì bá kọ́kọ́ ha.”

Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì fárí gá pé fítà tuntun lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mẹkáníìkì kò bá a jiyàn. Ó ti ìka bọ ẹnu kábúrétọ̀, ó yọ ọ́ padà, ekuru pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá gbé fítà náà lé àyè rẹ̀, ó sì fi èékánná hàn wá ibi tí etí rẹ̀ kò ti jókòó, àlàfo kékeré báyìí. Fítà náà dára, tuntun sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kí a pààrọ̀ fítà sí èyí tó sàn jù ti ń yé mi sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ni fítà tó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rí afẹ́fẹ́ púpọ̀ fà, kó lè lágbára. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í bóyá etí rẹ̀ ń dí pinpin, lẹ́yìn náà ká bi í bí ojú rẹ̀ ṣe kéré tó. Máíkírónì ni wọ́n fi ń wọn ojú fítà, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan. Fítà onínáílọ́ọ̀nù kan wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 80, òmíràn jẹ́ 44. Irun orí èèyàn sábà máa ń tó nǹkan bí 70. Ẹ ò rí i pé ohun tó kéré ju irun lọ lè gba inú ti àkọ́kọ́ kọjá! Fún igi tútù lásìkò òjò, ìyẹn ṣì lè tó. Fún ayin gbígbẹ nínú ọyẹ́, èyí tó ní irun wínníwínní lójú bí aṣọ òtútù ni mo fara mọ́, tàbí ti fóòmù tí wọ́n fi ọ́ìlì fítà pa. Àwọn kan tún máa ń fi àpò aṣọ tínrín bo fítà lóde, kí èyí tó tóbi má tilẹ̀ débẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgégi tí ilé iṣẹ́ Husqvarna ń ṣe lóde òní, fánù tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ ń ju ìdọ̀tí ńlá nù kí afẹ́fẹ́ tó dé fítà, ọgbọ́n ńlá sì ni.

Fítà tí ojú rẹ̀ kéré máa ń tètè dí, ká sọ òtítọ́. Bó bá dí, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, pùlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo láìṣiṣẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọṣẹ́ kan ti máa ń yọ fítà sọnù pé kó lè mí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún wọn. Fífọ̀ ló ń fẹ́. Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ ti ṣóòkì pa, kí ìdọ̀tí má baà já sínú kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, pẹtiróòlù lè ba ojú onírun jẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ti lu, ẹ fi gírísì tínrín pa etí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá a padà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu kábúrétọ̀. Bí aṣọ bá pọ́n, ekuru ṣì ń wọlé.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń bí mi nínú lọ́jà páàtì ni pé èèyàn lè bi òǹtajà méjì mẹ́ta ní máíkírónì fítà tí wọ́n ń tà, kí ẹnikẹ́ni má lè dáhùn, kò sì sí lára páálí. “Ti ẹ́ńjìnnì yín ni, ọ̀gá” ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kó o wọlé kọ nọ́ńbà náà síta gbangba, kí wọ́n sì máa ta rọ́bà etí rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí rọ́bà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fipá mú ẹni tó ń jẹun lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ra odindi fítà nítorí rẹ̀.