Kápúsù Méjì

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ní Yoko. Eṣinṣin kún orí àwo. Ebi ń pa mí, n kò wò ó. Lóru, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ní àárọ̀, mo ra kápúsù méjì péré lórí àtẹ, irú oògùn tí ìjọba gbógun tì ní ọjà Adjégounlè, ní Kútọ́nù, ní ọdún 2017. Kò sí ìwé lára rẹ̀. Èmi olùkọ́ kò sì bèèrè! Ìgbẹ́ kò dá.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì fún mi ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ gbọ́. Oògùn díẹ̀ a máa pa kòkòrò tí kò lágbára. Èyí tó kù á bí sí i, oògùn náà kò ní ràn án mọ́. Á bá ìgbẹ́ jáde, eṣinṣin á gbé e lọ sórí oúnjẹ ẹlòmíràn."

Mo dákẹ́. Igbó tí mo ń lọ láti ìjẹta, ẹ̀yìn ààrò oníàkàrà ni.