Ojú Ewé Kejì Google

Àwa tí a ń kọ ìtàn ìlú wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé kò sẹ́ni tó ń wá a. Irọ́ ni. Search Console ló là wá lójú: ibẹ̀ ni Google ti ń fi han onísáìtì ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí ojú ewé rẹ̀ tó jáde. Ìlà 1,000 péré ló ń hàn níbẹ̀, à ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń dùn wá. Ìgbà tó yá, a kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń bá wa ṣa àwọn tó wà ní ipò 11 sí 20 láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ojú ewé kìíní.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló yọ, ipò 14. "Guèlèdè Kétou" ni àwọn ọmọ wa ń tẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé Faransé. Kò sí i rárá nínú ohun tí a kọ! A fi í kún àkọlé, a ò sì yọ Kétu tiwa kúrò. Ó ti dé ipò 9. Àwọn àgbà kan ṣì ń bínú sí "ou" yẹn o.

Lọ́sẹ̀ yìí, "Savè" ni ètò náà tún gbé wá.