Fọ́tò Òjò àti Ọyẹ́ lórí Èkó: Ìjíròrò Ará Ẹ̀pẹ́ àti Ẹni tó ti Dubai Dé

Ẹ̀GBỌ́N (ayafọ́tò tí kò kúrò ní Ẹ̀pẹ́): Ìhà ìlà oòrùn ni ìjì òjò ti sábà máa ń wọ Èkó. Ẹ̀pẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé, kó tó kan Ìkòròdú, kó tó ré ọ̀sà kọjá sí Erékùṣù Èkó. Bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà, Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú tó nǹkan bíi 50 kìlómítà. Ìjì tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan kò lè bá ẹni tó wà ní Ìkòròdú lójijì, bí ará Ẹ̀pẹ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ láago.

ÀBÚRÒ (tó ti Dubai dé): Ti àwọn ayafọ́tò Dubai yàtọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kùrukùru àárọ̀ ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n á gun ilé gíga kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè ya orí àwọn ilé àwòṣífìlà tó yọ sókè kùrukùru. Burj Khalifa, tí wọ́n ṣí ní 2010, ga ní 828 mítà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé NECOM ní Marina, lórí Erékùṣù Èkó, ga ní 160 mítà. Láti etí omi Ìkòròdú, nǹkan bíi 20 kìlómítà ni sí ibẹ̀, nítorí náà lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni ló ń yà á. Ṣùgbọ́n ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ, kò sí igi, kò sí òrùlé tó dí ojú. Bí òjò òwúrọ̀ bá ti kọjá Ìkòròdú, tí oòrùn yọ lẹ́yìn ayafọ́tò, ìkúùkù dúdú á ṣì wà lẹ́yìn Erékùṣù. Àwọn ilé náà á funfun báláú níwájú rẹ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ọdún, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ.

ÀBÚRÒ: Ṣé ìgbà yẹn náà ni òṣùmàrè ń yọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni. Òṣùmàrè kì í yọ níhà tí oòrùn wà, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń wà. Bí oòrùn bá ti ga ju dígírì 42 lọ, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí i mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìhà Ẹ̀pẹ́ ni ará Ìkòròdú máa rí i. Ẹni tó bá fẹ́ òṣùmàrè ìrọ̀lẹ́ lórí Marina, kó lọ dúró ní Apápá.

ÀBÚRÒ: Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Bó bá le, Erékùṣù á pòórá lójú ará Ìkòròdú. Ọkọ̀ ojú omi ni kí èèyàn wọ̀ ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, kó súnmọ́ àwọn ilé náà. Ní December, oòrùn á pọ́n bí epo pupa kó tó wọ̀, apá ọ̀tún Erékùṣù ló sì ń wọ̀ sí.

ÀBÚRÒ: Mànàmáná ló ń wù mí jù, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú kò lè yára tó o, ọwọ́ náà kò lè yára tó o. Lóru, gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí o ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20. Èyí tó bá kọ láàrin ìgbà náà á wọlé fúnra rẹ̀. Yà á léraléra, ọ̀pọ̀ ni kò ní mú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n má dúró lórí èbúté, àbúrò. Bó bá kọ, máa kà títí ààrá yóò fi sán: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Ààrá tí o bá ti lè gbọ́ ti súnmọ́ tó láti pa ọ́. Inú ilé tàbí inú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì ni kí o ti yà á, kí o sì dúró tó 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó kẹ́yìn kí o tó padà sétí omi.