Labalábá Tí Àbúrò Mi Mú Wọlé

"Kí lo máa fi Linguistics ṣe?" Láti 100 level ni bàbá mi ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Physics ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB, Linguistics ni wọ́n fún mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní SS3 mú labalábá kan wọlé nílé wa ní Ewékorò. Apá rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìlà búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé wà láàárín rẹ̀. "Àǹtí, kí ló ń jẹ́ kó tàn báyìí?"

N ò mọ̀ ọ́n, mo bá lọ kàwé. Ó jọ Papilio nireus, tó wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 2005, Pete Vukusic àti Ian Hooper ní Yunifásítì Exeter kọ nípa irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Ohun kan wà nínú ìpẹ́ apá rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ mu, tó sì ń tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn. Àwọn ihò wíwẹ́wẹ́ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà há sínú ìpẹ́. Òkè ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀, ohun kan bíi dígí á dá a padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní photonic crystal nìyẹn.

Purcell ti sọ ọ́ lọ́dún 1946 pé ibi tí átọ́ọ̀mù bá wà ló ń pinnu bí yóò ṣe yára tú ìmọ́lẹ̀ jáde tó. Lọ́dún 1987, Yablonovitch àti Sajeev John, kálukú lọ́tọ̀, fi hàn pé a lè kọ́ ibi tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan kò ti ní àyè rárá. Átọ́ọ̀mù ibẹ̀ á ní agbára, kò kàn ní rọ́nà tú u ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Mo ní kí àbúrò mi pe "ọmọ", kó gbé ohùn òkè sórí "ọ" àkọ́kọ́. Ó pè é, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu lè pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá ìbílẹ̀ kì í fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀. Èdè náà ò fàyè sílẹ̀ fún un. Òótọ́ ni pé àwa lè rú òfin èdè, átọ́ọ̀mù ò lè rú tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé e.

Àṣé bàbá mi ń gbọ́ wa. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń pe photonic crystal yẹn ní Yorùbá?"

N ò rí èsì fọ̀. Àbúrò mi tú labalábá náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Èyí tí wọ́n bi mí kẹ́yìn yìí ni mo gbé padà wá sí kíláàsì.