Ta Ló Ni Èkó? Ìdáhùn Sí Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Wá

A mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì lọ̀pọ̀ yín ti ń ka èyí.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan báyìí táwọn ọ̀dọ́ wa ti ń bá ara wọn fà á lórí WhatsApp. Ọ̀kan ní, "Ẹ padà sí ìlú yín, Èkó kì í ṣe ilẹ̀ baba yín." Èkejì fèsì pé, "Èkó ò ní baba, ẹni tó bá lówó ló ni ín." Àwọn tó jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà o! Méjì nínú wọn ò kíra mọ́. A pè wọ́n jókòó, a sì rí i pé ariwo pọ̀ ju ìmọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká dáhùn díẹ̀ síbí.

Ta ló kọ́kọ́ dé Èkó?

Àwọn Àwórì ni. Ìtàn sọ pé láti Ìṣẹrì ni Ọlọ́fin àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti wá dó sí Ìddó. Arómirẹ ló dá oko ata síbi tí ààfin Igà Ìdúngànràn wà lónìí. Àwọn Bìní dé, wọ́n sì lọ́wọ́ nínú ìdílé ọba. Àwọn Potogí ló pè é ní Lagos, nítorí ọ̀sà tó yí i ká. Nítorí náà, Èkó ní baba. Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Àwọn Sàró dé láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà dé láti Brazil, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́. Òṣòdì táwọn kọ̀ńdọ́ ń pariwo láràárọ̀ yẹn ńkọ́? Orúkọ Òṣòdì Tápà ni, ìjòyè ńlá tó jẹ́ ọmọ Tápà. Àwọn àgbà ò kúkú parọ́ tí wọ́n ní Èkó gbolè, ó gbọ̀lẹ. Onílé wà, onílé sì gbàlejò. Kí àlejò bọ̀wọ̀ fónílé, kónílé má sì lé àlejò.

Báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọba?

Ní December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ba ìlú náà jẹ́. Ní August 6, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé, Èkó sì di tiwọn. Ní 1914 ó di olú-ìlú Nàìjíríà, ó wà bẹ́ẹ̀ títí di December 12, 1991 tí ìjọba kó lọ sí Àbújá. May 27, 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀.

Ta ni ká lọ bá bí ojú ọ̀nà bá bàjẹ́?

Ìbéèrè yìí dùn wá, torí gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òjò kan, omi dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. A lọ síbòmíì, wọ́n ní ká padà síbi tá a ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ẹ̀. Èkó ò ní méyọ̀. Ó ní ẹyọ kan rí, Dókítà Ọlọ́run-Nímbẹ̀, ní 1950, kò tún sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Lónìí, gómìnà wà ní Alausa. Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú òfin Nàìjíríà jẹ́ 20, ìpínlẹ̀ sì dá LCDA 37 kún un, ó di 57. Afárá Third Mainland, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Títì inú àdúgbò, ọjà àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá. Ọjọ́ ìdìbò káńsù gan-an sì lọ̀pọ̀ wa máa ń sùn sílé, tá a fi í gbá bọ́ọ̀lù lójú títì!

Kí ló dé tí reluwé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Láti 1902 sí 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń kó èèyàn láàárín Ìddó àti Erékùṣù Èkó. Gómìnà Jákàńdè gbèrò Metroline, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. September 2023 ni Blue Line ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1985 ti pé ọdún 38 nígbà yẹn! Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, inú mólúè àti dánfó làwọn ìyá wa ń jí lọ ní aago mẹ́rin òru. Ìpinnu ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì kan lè jẹ ogójì ọdún nínú ayé aráàlú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìjọba ò fi yẹ kó sú wa.

Ẹ̀yin ará, Jeremáyà kọ̀wé sáwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Àwọn àlejò ló kọ ọ́ sí o! Ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ má da pàǹtí sí gọ́tà. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ sì má bú ẹ̀yà ẹnikẹ́ni lórúkọ Èkó.

Èkó á dára fún wa lórúkọ Jésù. Ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ àdúgbò yín fún wa.