Sí àbúrò mi ní Bantè, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé

Savalou

Kóládé àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ara Bàbá ti le, àti pé ẹ ti kó kajú wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni mo fẹ́ dá ọ lóhùn lé lórí lónìí, torí mo gbọ́ pé ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti àwọn ọmọ ilé, ìyẹn sì ká mi lára ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

O ní àwọn tó ń tà á fún yín ló ń rẹ́ yín jẹ. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ kò jọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà Bàbá, èyí tí ẹ ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti àwọn ọmọ, tí ẹ fi wáyà so mọ́ ọn láti yàrá kejì, ni kò rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ olùtà ni nǹkan ti bàjẹ́, ti Bàbá ì bá kọ́kọ́ kú. O tún ní ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé ló máa ń ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo dì mú.

Nínú Windows 10, bí kọ̀ǹpútà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn yòókù, bíi ti Bàbá, bá kú tó tún tàn, iṣẹ́ pínpín náà lè má jí pẹ̀lú rẹ̀. Kódà bí iná kò lọ, tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó fún ìṣẹ́jú 4, ó lè dákẹ́, kò sì ní dìde fúnra rẹ̀. Microsoft gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ àtúnṣe rẹ̀ síta. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé àmì tí o fi sí ojú ibi tí wọ́n kọ Partage, ìyẹn pínpín, sí ṣì máa wà níbẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o. Jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń pè ní Invite de commandes, tẹ ipconfig, kí o wo nọ́ńbà tó wà níwájú IPv4. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.137, kọ̀ǹpútà Bàbá ló fún un, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ pínpín ṣì wà láàyè. Bó bá jẹ́ 169.254 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí o sì rí autoconfiguration lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà dà bí ọmọ tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ nígbà tí kò rí ẹni tó máa sọ ọ́: ó béèrè nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Bí kò bá sì sí nọ́ńbà kankan rárá, tí ó ní wọn kò so òun mọ́ nǹkan kan, wáyà ni kí o lọ wò. Eku ilé yín kì í fi wáyà sílẹ̀.

169.254 ni mo rò pé wàá rí. Padà sí kọ̀ǹpútà Bàbá, ṣí Propriétés módẹ́ẹ̀mù náà, lọ sí Partage, yọ àmì náà kúrò, tẹ OK, kí o tún fi í padà. Lẹ́yìn náà, yọ wáyà kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, kí o sì tún un kì bọ̀ ọ́.

Bí ó bá ṣì kọ̀, máa bi í léèrè láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, tẹ ping 192.168.137.1, kọ̀ǹpútà Bàbá nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ping 8.8.8.8, ti Google ni, ó wà ní ìta. Lẹ́yìn náà, ping google.com. Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ẹni tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà ni kò sí níbẹ̀, fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 sí ibi tí wọ́n kọ DNS sí. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èwo ló gbà á.

Ìgbà kan wà tí gbogbo èyí kò ní wúlò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Méjì tó kẹ́yìn yìí gúnlẹ̀ sí Kútọnu, nítorí náà ó kàn wá gan-an. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ti Bàbá náà kò ní ṣí, fóònù àwọn aládùúgbò náà á sì máa ṣe ségesège. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Ní ti forfait, ìyẹn dátà tí ẹ ń rà, tó ń tètè tán, jọ̀ọ́, má tíì pe ọmọ kankan ní olè. Windows fúnra rẹ̀ máa ń gba àtúnṣe wọlé, ó sì ń jẹun púpọ̀. O ti fi connexion limitée, tó ń sọ fún Windows pé dátà lópin, sí kọ̀ǹpútà Bàbá, o ṣe dáadáa, àmọ́ ti àwọn ọmọ kò mọ̀: wáyà ló ń rí, ó sì gbà pé ohun tó ń bọ̀ kò lópin. Fi í sí ti wọn náà. Kí o sì bẹ àbúrò rẹ tí o nà torí forfait yìí.

Àtúnṣe pátápátá wà, tí ẹ kò fi ní máa yọ àmì náà, kí ẹ máa fi í padà, nígbàkígbà tí iná bá dé. Inú ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, tí a bá sì tẹ ohun kan ṣì níbẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má tàn mọ́. Fi í sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ọdún iṣu níbí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, mo ń bọ̀ ní Bantè, a ó jọ ṣe é, wàá sì fi ojú ara rẹ rí i. Ṣùgbọ́n kí Bàbá máa tu owó díẹ̀díẹ̀ jọ fún ráútà kékeré tó ń gba SIM. Kò dáa kí odindi kọ̀ǹpútà máa jẹ iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀ torí kí ẹlòmíì lè ka WhatsApp.

Kọ nọ́ńbà tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́, má yọ ẹyọ kan. Bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí o sì kí gbogbo ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.